Ọkọ̀ Kékeré Tuntun: Kí Òṣìṣẹ́ Tó Fọwọ́ sí Ìwé Gbèsè

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ẹ̀ka wa tó ń gbé Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun)

 

Níbi ìpàdé tó kọjá, ẹ ní kí a lọ wádìí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kékeré tuntun, kí a wá sọ èwo nínú wọn ló yẹ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti rà. A ti lọ, a sì ti dé. A kò wá ta ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí oníṣòwò ọkọ̀ kankan tó fún wa ní kọ́bọ̀. Ohun tí a kà, tí a fojú rí, tí a sì bi àwọn mẹkáníìkì àti àwọn awakọ̀ léèrè, ni a fẹ́ tú sílẹ̀ níwájú yín. Owó tó wà nínú àpò alájẹṣẹ́kù kì í ṣe owó ọ̀fẹ́. Láti inú owó oṣù wa ni a ti ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, òógùn ojú wa ni. Bí a bá ná an sí ibi tí kò yẹ, ọmọ elòmíràn ni kò ní rí owó ilé ìwé san, aya elòmíràn ni kò ní rí owó ilé ìwòsàn.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ FI DÉLẸ̀

Gbogbo wa la mọ ojú ọ̀nà Ìfọ́n sí Ìlobùú, àti Ìlobùú sí Òṣogbo. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ àárọ̀ ti gbọ́dọ̀ dúró lẹ́bàá títì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ alẹ́ yóò máa wá ọ̀kadà tí yóò gbé e gba inú òkùnkùn kọjá. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà epo bẹntiróòlù tí iye tí ìjọba fi lélẹ̀ fún un kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Owó ọkọ̀ bá a gòkè. Owó oṣù tó kéré jù lọ, tí òfin gbé kúrò ní ₦30,000 sí ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024, kò bá a gòkè dé ibi tó dé.

Ìgbà náà ni àwọn kan nínú wa sọ pé: Ṣé a ó máa fi ìdajì owó oṣù wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ títí ni? Kí ló dé tí alájẹṣẹ́kù kò fi lè yá wa lówó ra ọkọ̀ kékeré tiwa, kó jẹ́ tuntun, tíà-rọ́bà, tí kò ní máa dúró sójú ọ̀nà bíi tòkunbọ̀? Ìbéèrè gidi ni. Kò sí ìwọra kankan nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń to ọkọ̀, tó ń wa ọkọ̀, tó ń rọ irin, kí ló ṣe tí òun náà kò ní jókòó nínú ọkọ̀ tirẹ̀?

ÌGBÀ ÌJÀPÁ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Àwọn àgbà àárín wa rántí ọdún 1974 àti 1975, nígbà owó Udoji. Ní ọdún 1975 kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry, tí ilé iṣẹ́ Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Volkswagen to Ìjàpá, ó to Igala. Peugeot to 504, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Pijó. Ìjàpá ni ọkọ̀ kékeré tuntun ti ìgbà náà. Olùkọ́ rà á, nọ́ọ̀sì rà á, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ rà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi owó tí ibi iṣẹ́ yá wọn rà á, tí a sì ń yọ ọ́ lára owó oṣù títí yóò fi tán.

Kí ló gbé Ìjàpá níyì? Kì í ṣe ẹwà. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀, kò ní rédíétọ̀ tí yóò jò, kò sí omi tí yóò hó. Mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà káàkiri. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Inú àpótí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ wọ̀nyẹn ti ń wá láti òkè òkun. Títò la ń tò wọ́n níhìn-ín. Owó dọ́là la fi ń rà wọ́n. Ní ọdún 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wá já wálẹ̀, tí ìjọba ológun sì gbé ètò SAP kalẹ̀ ní ọdún 1986, náírà wó. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò rí dọ́là kó àpótí wọlé mọ́. Ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tòkunbọ̀ sì gba ìgboro. Ẹ rántí pé ní ọdún 1981, lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò tí NLC ṣe lábẹ́ Hassan Sunmonu, ₦125 ni òfin fi owó oṣù tó kéré jù sí. Owó náà kéré létí, ṣùgbọ́n ó níye lórí nígbà tí náírà ṣì níye lórí. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ọ̀rọ̀ náírà ni à ń sọ.

ÌṢIRÒ TÓ WÀ NÍDÌÍ Ọ̀RỌ̀

Lónìí ńkọ́? Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦460 gòkè, ó sì ti kọjá ₦1,400 ní ọdún 2024. Ẹ fi owó ibodè kún un. Ìlànà ọdún 2013 tí wọ́n ní yóò ran ilé iṣẹ́ ọkọ̀ abẹ́lé lọ́wọ́ gbé owó orí ọkọ̀ tuntun tó ń wọlé dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún: 35 owó ibodè, 35 owó àfikún. Òfin ìnáwó ọdún 2020 dín àfikún náà kù sí 5, wọ́n sì tún ti yí ìlànà padà lẹ́yìn náà. Bó ti wù kó rí, ẹni tó ra ọkọ̀ ló ń san án.

Nítorí náà, ọkọ̀ kékeré tuntun ti kọjá ₦10,000,000. Ẹ jẹ́ kí a fi mílíọ̀nù mẹ́wàá péré ṣírò, kó má bàa dà bíi pé à ń dẹ́rù bani. Ẹni tó ń gba ₦70,000 lóṣù yóò kó odindi owó oṣù 143 jọ. Ìyẹn jẹ́ ọdún méjìlá ó ku oṣù kan, láìjẹ, láìmu, láìsan owó ilé.

Ẹ ní ẹ ó yá a. Ó dára. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan ti kó apá kan owó jọ, tó wá ku ₦6,000,000 tó fẹ́ yá ní báńkì, èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, kó san án tán lọ́dún mẹ́ta. Èlé oṣù àkọ́kọ́ nìkan jẹ́ ₦150,000. Yóò máa san bí ₦254,700 lóṣooṣù. Nígbà tó bá fi san án tán, yóò ti san bíi ₦9,170,000 lórí mílíọ̀nù mẹ́fà. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìdá 30 ti pọ̀ jù, kó rántí pé báńkì àgbà orílẹ̀-èdè wa fi òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ sí ìdá 27.5 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ báńkì tó ń yá òṣìṣẹ́ lówó kì í sì í sábà gba iye tó kéré sí òṣùwọ̀n yìí.

Ẹ̀yin ará, a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí owó oṣù rẹ̀ wà nítòsí owó tó kéré jù lọ kò lè ra ọkọ̀ tuntun lónìí. Ẹni tó bá sọ fún un pé ó lè rà á fẹ́ jẹ èlé lórí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a pé jọ síhìn-ín kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN

Kí a tó dárúkọ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Ìbéèrè márùn-ún ni a mú wá.

Ìkíní: Ta ni yóò tún un ṣe, níbo ni a ó sì ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀? Ẹ lọ dúró ní ibùdókọ̀ ní Òṣogbo tàbí ní Ìbàdàn, kí ẹ ka ọkọ̀ táksí. Nissan Micra ni yóò pọ̀ jù. Máíkírà yìí, irú èyí tó gba àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní ọdún 1993, kò sí ẹni tó polówó rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ wa. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kékeré, kì í mu epo jù, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ gbogbo oníṣòwò páàtì. Ohun tó gbé Ìjàpá níyì náà ló gbé e níyì. Awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ jẹun kò ní àkókò fún fáàrí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára wọn.

Ọkọ̀ tuntun a máa ní ìwé àtìlẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, pé bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín ọdún báyìí, òun yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n á sọ pé ilé iṣẹ́ àwọn nìkan ni ẹ gbọ́dọ̀ ti máa pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Ẹ bèèrè: níbo ni ilé iṣẹ́ náà wà? Bó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó ni, ẹ ka owó epo àlọ àti àbọ̀, ẹ ka ọjọ́ iṣẹ́ tí yóò bá a lọ, kí ẹ tó sọ pé àtìlẹ́yìn náà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ìkejì: Epo mélòó ni yóò mu? Ká ní ọkọ̀ ń rin kìlómítà 30 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù. Ìyẹn jẹ́ kìlómítà 780. Ọkọ̀ tó ń mu lítà 5 ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà yóò mu lítà 39 lóṣù. Èyí tó ń mu lítà 9 yóò mu lítà 70 àti díẹ̀. Lítà 31 ló wà láàárín wọn. Bí lítà bá jẹ́ ₦1,000, ₦31,000 ni, ìyẹn sì súnmọ́ ìdajì owó oṣù tó kéré jù lọ. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnì lítà 1.0 tàbí 1.2 fi yẹ wá ju ti ọkọ̀ ńlá lọ, bí ọkọ̀ ńlá tilẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀ tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ìkẹta: Ṣé yóò lè gba ọ̀nà wa? Ọ̀nà wa ní kòtò, ó ní gálópù, ó sì ní ibi tí òjò ti gbá ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ súnmọ́lẹ̀ jù yóò máa fi àyà họlẹ̀ bí ènìyàn márùn-ún bá wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ má ṣe wò ó lófìfo. Kí ènìyàn márùn-ún wọ̀ ọ́, kí ẹ wá bẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Táyà kékeré tún ńkọ́? Ẹ bi fọkanáísà yín bóyá irú táyà náà wọ́pọ̀ lọ́jà.

Ìkẹrin: Bí ó bá forí sọ nǹkan, ṣé ẹni tó wà nínú rẹ̀ yóò yè? Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ bèèrè èyí. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ Global NCAP, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa fi ọkọ̀ tuntun kọlu nǹkan, kó sì fún un ní ìràwọ̀, láti òdo títí dé márùn-ún. Ní ọdún 2020, Suzuki S-Presso tí wọ́n ṣe fún ọjà Íńdíà gba òdo lórí ààbò àgbàlagbà. Ní ọdún 2024, Dzire tuntun tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe ní Íńdíà gba márùn-ún. Ẹ gbọ́ bí mo ti wí: ilé iṣẹ́ kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà. Orúkọ tó wà lára ọkọ̀ nìkan kò tó. Ẹ bèèrè irú èyí gan-an tí wọ́n fẹ́ tà fún yín: àpò afẹ́fẹ́ ààbò mélòó ló ní? Ṣé ó ní bírékì ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bírékì lójijì? Ṣé bẹ́líìtì ẹ̀yìn pé? Àwọn oníṣòwò a máa yọ nǹkan wọ̀nyí kúrò kí owó ọkọ̀ lè wálẹ̀.

Agbègbè wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó. Ní ọdún 1977, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní ọdún 1988, Wọlé Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwa tí a wà ní agbègbè tí irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ ti yọjú ní kùtùkùtù jẹ́ ẹni tí yóò fi ẹ̀mí ṣòwò nítorí ẹ̀dínwó.

Ìkarùn-ún: Bí a bá fẹ́ tà á lọ́la, ta ni yóò rà á? Ọkọ̀ tí ojú ọjà kò mọ̀, owó rẹ̀ a máa já wálẹ̀ ní kíá. Ẹni tó bá fi gbèsè rà á yóò wá rí i pé gbèsè rẹ̀ ju iye ọkọ̀ lọ.

ÀWỌN ỌKỌ̀ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Suzuki. Àwọn ọkọ̀ kékeré rẹ̀ bí Alto, S-Presso àti Dzire wà lára èyí tí epo wọn kéré jù. Íńdíà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá. Àwọn mẹkáníìkì wa kò bẹ̀rù orúkọ náà, nítorí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnì kórópé láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n kórópé kì í ṣe Dzire, ẹ̀yà ara wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ bèèrè páàtì kí ẹ tó yọ̀. Nínú wọn, a fẹ́ràn Dzire jù, nítorí ó ní búùtù tó lè gbẹ́rù, bí ó bá sì jẹ́ tuntun irú ti ọdún 2024 ni, a ti gbọ́ ìràwọ̀ rẹ̀. S-Presso ga díẹ̀ nílẹ̀, èyí dára fún ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n ẹ rántí òdo ọdún 2020, kí ẹ má sì rà á láì mọ ohun tí wọ́n fi sí tiyín.

Toyota Starlet. Àwọn ènìyàn gbọ́ Toyota, ọkàn wọn balẹ̀. Kí ẹ mọ̀ pé Starlet tó jáde fún Áfíríkà ní ọdún 2020, Suzuki Baleno ni, tí wọ́n lẹ àmì Toyota mọ́ lára, Íńdíà ni wọ́n sì ti ṣe é. Kò burú. Ọkọ̀ náà dára, àmì náà yóò sì jẹ́ kó rọrùn láti tún tà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi owó kún owó nítorí àmì nìkan, ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà.

Kia Picanto àti Hyundai Grand i10. Ẹbí kan náà ni wọ́n, nítorí Hyundai ti ra Kia láti ọdún 1998. Picanto kúrú, kò tó mítà mẹ́rin, ó rọrùn nínú ọjà àti nínú ìgboro. Àjọ Euro NCAP dán an wò ní ọdún 2017: ìràwọ̀ mẹ́ta fún èyí tó wà lásán, mẹ́rin fún èyí tí wọ́n fi ohun èlò ààbò kún. Ẹ tún rí i, ọkọ̀ kan náà, ohun tí wọ́n fi sí i ló yàtọ̀. Àwọn mẹkáníìkì tí a bá sọ̀rọ̀ sọ pé ẹ̀yà ara rẹ̀ ń wá, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó ti Toyota.

Àwọn ọkọ̀ Ṣáínà, bí Changan Alsvin. Ohun tó wà nínú wọn pọ̀ fún iye tí wọ́n ń tà wọ́n: éésì, ojú tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ẹ̀yìn. Ojú ń rí ohun tó wù ú. Ìbéèrè kìíní àti ìkarùn-ún ni kí ẹ dì mú ṣinṣin níbẹ̀: ta ni yóò tún un ṣe ní Òṣogbo, ta ni yóò sì rà á lọ́wọ́ yín lọ́dún márùn-ún sí i?

Innoson. Ti ilẹ̀ wa ni, Nnewi ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, ọdún 2010 ni wọ́n sì ṣí i. Àwa òṣìṣẹ́ fẹ́ kí iṣẹ́ wà nílẹ̀ wa, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a bi wọ́n léèrè kí a tó bi ẹlòmíràn. Ẹ kọ̀wé sí wọn lórúkọ ẹ̀ka pé: ọkọ̀ kékeré wo ni ẹ ní lọ́wọ́, èló ni ẹ ó tà á fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ta ni yóò máa tún un ṣe ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun? Bí èsì bá dára, a ó ra ti wa. Ìfẹ́ ilẹ̀ wa kò ní kí a má bèèrè ìbéèrè márùn-ún náà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ afẹ́fẹ́ gáàsì náà ti délẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò CNG jáde ní ọdún 2023. Gáàsì kò wọ́n tó bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ní kí wọ́n gbé sílíńdà sínú ọkọ̀ tuntun, ẹ bèèrè nǹkan méjì: níbo ni a ó ti máa bu gáàsì nítòsí wa, ṣé ẹni tó ta ọkọ̀ kò sì ní sọ pé àtìlẹ́yìn òun ti dópin nítorí pé ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì? Sílíńdà yóò sì gba ibi ẹrù nínú ọkọ̀ tó ti kéré tẹ́lẹ̀.

BÍ A ṢE Ń MỌ ỌKỌ̀ TUNTUN NÍ TÒÓTỌ́

Níbi kan tí a dé, iye tí wọ́n sọ fún wa lẹ́nu géètì kọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé. Wọ́n ti fi owó ìwé, owó nọ́ńbà àti owó ìgbékọ̀wálé kún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye gbogbo sílẹ̀ kí ẹ tó san ohunkóhun.

Ẹ wo ara táyà: nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe táyà náà. Bí ó bá jẹ́ 2321, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021 ni. Ọkọ̀ tí wọ́n pè ní tuntun tí táyà rẹ̀ ti dàgbà, ó ti pẹ́ nínú oòrùn, ẹ ní kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ táyà. Ẹ wo nọ́ńbà ṣáásì, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. J ló ń bẹ̀rẹ̀ ti Jàpáànù, K ti Kòríà, L ti Ṣáínà, MA títí dé ME sì jẹ́ ti Íńdíà. Ẹni tó bá sọ pé Jàpáànù ni ọkọ̀ òun ti wá, tí nọ́ńbà sì ń sọ nǹkan mìíràn, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá ṣòwò.

Ìdánilójú ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ₦15,000 ni èyí tó kéré jù fún ọkọ̀ aládàáni. Ìyẹn yóò san fún ẹni tí ẹ bá kọlù; kò ní san fún ọkọ̀ tiyín. Ọkọ̀ tí a fi gbèsè rà gbọ́dọ̀ ní ìdánilójú tó kárí gbogbo rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ lè jóná lónìí, kí gbèsè sì wà láàyè fún ọdún mẹ́ta.

OHUN TÍ A DÁ LÁBÀÁ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, lẹ́yìn gbogbo àlàyé yìí, àbá mẹ́ta la mú wá síwájú ìpàdé.

Àkọ́kọ́, kí alájẹṣẹ́kù má ṣe yá ọmọ ẹgbẹ́ kankan lówó ọkọ̀ tuntun ní òun nìkan, bí owó tí a ó máa yọ lóṣù bá ju ìdá mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ lọ. A mọ̀ pé yóò dun àwọn kan. Ó sàn kó dùn wọ́n lónìí ju kí àwọn oníduùró wọn máa sá fún wọn lọ́dún tó ń bọ̀.

Èkejì, kí a fi ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ ti àjùmọ̀ní. Kí orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà lára ìwé rẹ̀. Kó máa gbé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru láti Ìfọ́n, kó gba Ìlobùú, kó dé Òṣogbo, kó sì máa gbé wọn padà. Ẹ wo ìṣirò náà: bí ₦6,000,000 bá ti inú alájẹṣẹ́kù jáde, pẹ̀lú èlé ìdá 10 lọ́dún lórí gbogbo owó náà fún ọdún mẹ́ta, ₦7,800,000 ni a ó dá padà. Ìyẹn jẹ́ bíi ₦216,700 lóṣù. Bí ènìyàn mẹ́rin bá pín in, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bíi ₦54,200. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá ń lò ó ní ìṣí méjì, bíi ₦27,100 ni. Kí olúkúlùkù lọ kọ owó ọkọ̀ tó ń san lóṣù sínú ìwé, kó fi wé e, kó má sì gbàgbé láti fi epo àti owó àtúnṣe kún un. Èlé tí a bá san, inú àpò wa ló ń padà sí. Fún ọkọ̀ àkọ́kọ́ yìí, a dá Dzire lábàá, bí páàtì rẹ̀ bá wà ní Òṣogbo. Bí kò bá sí, Starlet. Bí owó tuntun bá sì kọjá agbára wa pátápátá, kí ojú má tì wá láti ra tòkunbọ̀ tó mọ́, tí mẹkáníìkì wa ti yẹ̀ wò. Fáàrí kọ́ ni à ń wá. Bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe délé láyọ̀ ni à ń wá.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka wa fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ kún ohun tí a ó gbé lọ bá àwọn agbanisíṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí a wá síbi iṣẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́ ní láti mọ bí a ó ṣe dé ibẹ̀. Ní àtijọ́, ibi iṣẹ́ a máa yáni lówó ọkọ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà ti dá ilé iṣẹ́ CREDICORP sílẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọdún 2024, pé kí òṣìṣẹ́ lè máa ra nǹkan kó sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Kí akọ̀wé wa kọ̀wé sí wọn, kí a mọ èlé tí wọ́n ń gbà kí a tó yọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Nígbà rògbòdìyàn ààlà ilẹ̀ ní ọdún 2025, tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe òfin kónílé-ó-gbélé ní agbègbè wa, ọ̀nà dí mọ́ ará Ìlobùú, ó dí mọ́ ará Ìfọ́n. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọba wa àti ìjọba, a kò ní dá sí i níhìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ka yìí, ẹnu géètì kan náà la ń gbà wọlé, páálí owó oṣù kan náà la ń gbà. Bí ọkọ̀ àjùmọ̀ní bá gbéra ní Ìfọ́n, tó dúró gbé ará Ìlobùú, tí àwọn méjèèjì sì jókòó pọ̀ dé ẹnu iṣẹ́, èrè yẹn kò sí nínú ìṣirò tí a ṣe, ṣùgbọ́n a ó jẹ ẹ́.

Ìwé ìṣirò náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹni tó bá fẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àbá tó sàn ju tiwa lọ, kó gbé e wá kí a tó dìbò níbi ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ yóò máa lékè.